Orin Òsúkè

"Daddy, ẹ rọra now! Ọmọ wà nínú ọkọ̀!"

Gbéminíyì ló kígbe láti ẹ̀yìn, nígbà tí Ìbíkúnlé já ọkọ̀ sí ọwọ́ òsì freeway láìṣẹ́jú, tí àwọn fáìlì Sharon yọ̀ tẹ̀lé ara wọn kúrò lórí ìjókòó, tí wọ́n balẹ̀ gbàà. Ọmọ tuntun tí ariwo yìí tìtorí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Ó sùn fọnfọn nínú àga rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún kó tó wá pé ìjà ló ń bọ̀ wá jà.

"Mo ń rọra," ni Ìbíkúnlé wí, ó sì tún tẹ gas sí i. Lewisville ṣì jìnnà.

Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun kò rọra. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ apòògùn, kò sí ohun tó ti mú ọkàn rẹ̀ sáré bí èyí. Láàárọ̀, kó tó kúrò ní Cedar Hill, Jọlá ìyàwó rẹ̀ ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Bàbá Gbémi, níbo lẹ ti rí i pé wọ́n ń gbé ìkókó jáde kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ? Ọ̀la mà ni ìkómọ!"

"Nítorí ìkómọ náà ni mo ṣe ń lọ."

"Ilé àwọn arúgbó lẹ ti fẹ́ lọ wá ìkómọ?"

"Ilé bàbá ọmọ ni mo ń wá lọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún wa, ibẹ̀ ló sì wà."

Jọlá wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ fi ṣálì bò ó dáadáa o," ló wí níkẹyìn, "kí wèrè yín má baà ràn án."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti wèrè rárá. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, Ìbíkúnlé sì ti wo ilé yìí títí, kò rí i. Ọmọ rẹ̀ ni Gbéminíyì, ṣùgbọ́n ọmọ tí Gbéminíyì bí, ilé bàbá rẹ̀ ló ni ín, bàbá rẹ̀ sì ni Timothy, òyìnbó gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ dáadáa ni. Ìbíkúnlé kò ní ẹ̀sùn kankan sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí oyún ti hàn ló ti pè é jókòó, tó bi í pé, "Ọmọ ta ni yín níbi tí ẹ ti wá?"

"Ọmọ Scotland ni wá, sà," ni Timothy dáhùn, inú rẹ̀ sì dùn pé òun mọ̀ ọ́n.

"Scotland kẹ̀? Èmi náà, Nàìjíríà ni mo ti wá. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kì mí nù un? Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ elépo bẹntiróòlù?"

Timothy rẹ́rìn-ín. Ìbíkúnlé kò rẹ́rìn-ín. Lọ́la, bí wọ́n bá gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, tó sì dé ibi tó yẹ kó ti pe ilé bàbá rẹ̀ fún un létí, kí ni kó sọ? Kó fò ó? Kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ilé ìyá rẹ̀ dí i, bí ẹni fi àbùlẹ̀ lẹ ẹnu ihò? Bí ẹ bá ti jìnnà sílé bí Ìbíkúnlé ṣe jìnnà sílé, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ báyìí a máa dun ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Sharon, ìyá Timothy, ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí, tó na ọwọ́ sẹ́yìn tó ń wá àwọn fáìlì rẹ̀. Nígbà tí Robert ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn tó kú sí, ohun tó ń sọ lẹ́nu kò ju pé òun ì bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn bàbá òun ti jáde. Láti ìgbà náà ni Sharon ti ń wá a, nílé ìkàwé, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní itẹ́ òkú. Ohun tó rí kò pọ̀. Bàbá ńlá tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Texas, John MacDonald lorúkọ rẹ̀, erékùṣù Skye ní Scotland ló sì ti wá. Àmọ́ kí ènìyàn dé Skye kó ní òun ń wá John MacDonald, ńṣe ló dà bí ẹni tó dé Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, tó ní òun ń wá Táyé. Sharon ti kó àwọn John jọ bí ẹni kó ìgbín lẹ́yìn òjò. Èyí jẹ́ ọmọ Donald, èyí jẹ́ ọmọ Hugh, èyí jẹ́ ọmọ Angus. Ó mọ bàbá oníkálukú wọn, ó mọ bàbá àgbà ẹlòmíràn nínú wọn. Èwo nínú wọn ló wọ ọkọ̀? Kò sí ìwé tó sọ.

"Bàbà," ni Sharon wí. Bàbá ló fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n bí ẹni ń pe ọkà ló máa ń pè é, Ìbíkúnlé sì ti gbà fún un tipẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n Ìbíkúnlé ti pẹ́ nílùú òyìnbó débi pé Gẹ̀ẹ́sì ti ń dún bí Yorùbá létí rẹ̀. "Bàbà, mo ti bi Anti Josephine tán. Mo ti bi í títí. Kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀."

"Ẹ ò gbé ìkókó lọ bá a rí," ni Ìbíkúnlé fèsì. "Àgbàlagbà kì í rí ọmọ tuntun ilé rẹ̀ kó ya odi."

* * *

Nínú ilé ìtọ́jú náà, ọmọbìnrin Ìbàdàn kan tó ń jẹ́ Nímọ́tà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló mú wọn wọlé. Bó ṣe rí fìlà Ìbíkúnlé ló ti kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Màmá ti jí. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ jù. Bí èèyàn bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ jù, wọn kì í jẹun."

Ìyá àgbà náà, Josephine, àbúrò bàbá Robert, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tín-ín-rín bí ẹ̀ka ewúro. Sharon kúnlẹ̀ sẹ́bàá rẹ̀, ó tẹ́ fáìlì sórí itan ara rẹ̀, ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó rántí bàbá àgbà rẹ̀? Ṣé bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ bàbá tirẹ̀ rí? John?

"John wo?" ni Josephine bi í. "Mo mọ John mẹ́rin. Kò sí èyí tó lọ́gbọ́n nínú wọn."

"John tó ti Scotland wá, Anti."

"Ìwọ lo máa ń gbé ọbẹ̀ wá?"

Sharon pa fáìlì dé. Ìbíkúnlé rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rẹ̀wẹ̀sì, ó sì ṣe òun náà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Ṣé kí wọ́n máa lọ sílé nìyẹn? Nígbà náà ni ọmọ jí. Kò fi pẹ̀lẹ́ jí. Ó fi gbogbo agbára ké, ó pupa, ó ń fi ẹsẹ̀ ta ṣálì Jọlá ìyá rẹ̀ àgbà bí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín.

"Gbé e wá," ni Josephine wí.

Ohùn náà yàtọ̀. Gbogbo wọn gbọ́ pé ó yàtọ̀. Gbéminíyì wo bàbá rẹ̀, ó wo Sharon, ó gbé ọmọ náà lé ìyá àgbà náà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Josephine bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu ọmọ lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń kọrin. Orin náà kò lórí, kò nídìí, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn ń ta kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́ bí ẹni tí òsúkè ń ṣe: nǹkan kan, *ìkì*, nǹkan kan, *ìkì*, nǹkan kan.

Sharon bú sẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Orin Òsúkè! Ọlọ́run mi, Orin Òsúkè! Òun ni wọ́n fi rẹ Robert sùn. Èmi náà fi rẹ Timothy. Àwọn ọmọ ilé yìí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkì kí wọ́n má rẹ́rìn-ín."

Gbéminíyì rẹ́rìn-ín. Ìbíkúnlé náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ ti dákẹ́, orin náà sì pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ báyìí ni ẹ̀rín náà gé mọ́ ọn lẹ́nu.

Ohun tó dé sí i létí, kì í ṣe ti Lewisville. Ẹ̀yìnkùlé kan ní Ṣakí ni, ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí, àbúrò rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyá rẹ̀ kì í bẹ̀ ẹ́. Ńṣe ló máa ń kì í. Ọmọ báyìí, ọmọ báyìí, ọmọ báyìí, títí igbe á fi tán. Orúkọ ń yí padà, ọ̀rọ̀ ń yí padà, ṣùgbọ́n ohun kan ń padà wá, ó ń padà wá, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gungi. Ta ló ń fi òsúkè rẹ ọmọ lẹ́kún? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Ẹ dákẹ́," ló wí. "Ẹ dákẹ́ ná! Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ."

Josephine gbójú sókè. "Kí n tún kí ni kọ?"

"Orin yẹn."

"Orin wo?"

Ọmọ ti sùn. Bó ṣe sùn ni orin ti wọlé lọ.

"Sharon, ẹ̀yin ẹ kọ ọ́! Ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n."

Sharon la ẹnu. "Íáànì mákì… ìkì… ìkì…" Ó dúró. "N kò mọ àárín rẹ̀, Bàbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìkì la máa ń dúró dè, kí a lè rẹ́rìn-ín."

"Sharon, ẹ gbọ́." Ìbíkúnlé ti dìde, fìlà rẹ̀ ti wọ́. "Kì í ṣe òsúkè. Ọmọ ni! Ọmọ lagbájá, ọmọ tàmẹ̀dù. Wọ́n ń kì í ni. Ilé yín ni wọ́n ń kà fún un!"

"Rárá o, Mac ni ọmọ, ní èdè wọn. Mac, bíi MacDonald. Ìkì kọ́…" Ẹnu Sharon ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò pa á dé. Ó di apá Ìbíkúnlé mú. "*Mhic!* Mo ń rí i lára òkúta ibojì, M, H, I, C! Bí ọmọ bá ti ní ọmọ lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Bàbà, n kò gbọ́ ọ rí! Mo ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Robert, n kò gbọ́ ọ rí!"

Àwọn méjèèjì yíjú sí ọmọ tó ń sùn.

"Rárá," ni Gbéminíyì wí kíá.

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo mọ ojú yẹn, Daddy. No. Ẹ ò ní fa ọmọ mi létí."

"Ta ló sọ̀rọ̀ etí? Àtẹ́lẹsẹ̀ lásán, kí a kàn fi ìka…"

"Daddy!"

"Ó dáa, ó dáa. Ìyá ni ẹ́ lóòótọ́."

Ìbíkúnlé rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. Ojú Josephine ti ń lọ sójú fèrèsé. Ó ti ń lọ síbi tí kò sí ẹni tó lè bá a débẹ̀. Bó bá lọ tán, ṣé òní ló tún máa padà? Ṣé ọ̀la? Ọ̀la mà ni ìkómọ. Ìbíkúnlé ṣí fìlà rẹ̀, ó fi lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi eékún rẹ̀ tó ń dun ún kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga ìyá àgbà náà, ó gbé orí pípá rẹ̀ lé itan rẹ̀, ó sì bú sí igbe.

"Ùn-ìn-ín! Ùn-ìn-ín! Ùn-ìn-ín!"

Ẹkún ìkókó ni, ó dán mọ́rán, ó ní ìmí àárín. Ìlẹ̀kùn gbá ṣí. Nímọ́tà ló sáré wọlé, ó ká ọwọ́ lé orí.

"Yéè! Bàbá! Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Ìbíkúnlé sọ láàárín ẹkún. "Ìkókó ni mí. Ùn-ìn-ín!"

"Ìkókó? Pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun?"

"Nímọ́tà, dákẹ́, jẹ́ n ráyè sunkún!"

Gbéminíyì ti fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń mì í lápá. Ṣùgbọ́n ó ti gbé fóònù sókè, ó ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ọwọ́ kan sì rọ̀ sórí orí Ìbíkúnlé, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó gbóná díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lù ú jẹ́ẹ́jẹ́.

"*Íáànì mákì Úṣíjìn,*" ni Josephine kọ, "*ìkì Íáànì Táálíyà, ìkì Rúárì Báánì, ìkì Áláṣítà Móò…*"

Ìbíkúnlé kò rántí láti sunkún mọ́. Ẹni tó ń kì ènìyàn, a kì í dá a dúró lọ́nà. Ó pa ojú dé títí ó fi parí.

"Íáànì, John ni," ni Sharon ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Úṣíjìn… Ùisdean! Hugh ni. Hugh ni wọ́n máa ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. John ọmọ Hugh. Mo ní John ọmọ Hugh mẹ́ta. Ọmọ Íáànì Táálíyà… n kò mọ ìyẹn. Kí ni Táálíyà?"

"Télọ̀," ni Ìbíkúnlé wí láti orí ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà.

"Ẹ ní kí ni?"

"Télọ̀, télọ̀! Aránṣọ. John Télọ̀. Bó ṣe ń dún létí mi nìyẹn. Nílé, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nìyẹn: Bàbá Télọ̀, Ìyá Télọ̀."

Sharon ń ṣí ìwé, ó ń jù ú sílẹ̀, ó ń ṣí òmíràn. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, Sharon ké tóbẹ́ẹ̀ tí Nímọ́tà tún fi ká ọwọ́ lé orí lẹ́ẹ̀kejì.

"Aránṣọ! Ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ aránṣọ! Abúlé Kilvartan, létí òkun. Òun ni, Bàbà. Robert, òun ni!"

Ó fò mọ́ Ìbíkúnlé bó ṣe ń gbìyànjú láti dìde, àwọn méjèèjì fẹ́ẹ̀ ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì. Gbéminíyì ti pe Timothy ní Rowlett, níbi tó ti ń to àga ìkómọ sí ẹ̀yìn ilé. Kí ó tó parí "hello", Ìbíkúnlé ti já fóònù gbà.

"Timothy! Ọmọ Télọ̀! Ọmọ Rúárì Báánì!"

"Sà?"

"Ìwọ ni mò ń kì yẹn, ará ibí! Jẹ́ mi!"

Wọ́n gbọ́ tí Timothy fi àga sílẹ̀. "Mommy," ló wí nígbà tó ṣe, bí ọmọdé, "ṣé òótọ́ ni?" Sharon ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ń rí i.

Josephine wo gbogbo wọn yíká, tìyanu tìyanu. "Irú ẹbí wo rèé," ló wí. Ó yíjú sí Nímọ́tà. "Ọbẹ̀ ńkọ́?"

* * *

Oòrùn ti mú nígbà tí wọ́n jáde sí parking lot, irú oòrùn Texas tó máa ń fi ọwọ́ lé ènìyàn léjìká. Sharon ti wọ ọkọ̀, ó ń gbọ́ ohùn tó wà nínú fóònù, ó ń dá a padà, ó ń kọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó ti mọ̀ ọ́n dé Rúárì Báánì. Ara Ìbíkúnlé kò tíì balẹ̀. Ó ń ṣe é bíi kó sáré yí gbogbo ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ká.

Gbéminíyì tẹ̀ ba ọmọ, ó ń de ìgbànú àga mọ́ ọn láyà. "Daddy," ló wí láìgbójú sókè, "tiwa náà ńkọ́? Ẹ kì í ná. Ká gbọ́ méjèèjì."

Ìbíkúnlé kò retí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Gbéminíyì fi dàgbà. Yorùbá rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ inú ilé lọ. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ọmọ náà, ó sì gbé oríkì náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbé e lórí àpótí.

"Ọmọ Olómi, ọmọ odò kan ò-ṣàn-gba-ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ a-jí-pọnmi-kó-tó-pe-orúkọ-ẹni. Ọmọ afẹ̀ǹdẹ̀rẹ̀-bomi, kómi ó má gbóhùn àlejò…"

Ó gbọ́ ohùn kejì. Ó rò pé Sharon ni. Kì í ṣe Sharon. Gbéminíyì ni, ó ṣì tẹ̀ mọ́ ìgbànú àga, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń bá a lọ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ohùn òkè lókè, ohùn ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, kò ṣi ọ̀kan pè.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"I don't know." Ó ń wò ó, ó ya òun náà lẹ́nu. "Grandma, I think. Ìgbà tí wọ́n wá, tí wọ́n máa ń wẹ̀ mí. N kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Odò, mo mọ̀ ọ́n. Pọnmi, mo mọ̀ ọ́n. Kí ni fẹ̀ǹdẹ̀rẹ̀?"

Ìbíkúnlé la ẹnu láti sọ fún un.

Ó wá a. Ewé ni? Àwo ni? Aṣọ kan ni, tí wọ́n ń fi bo orí àmù láyé àtijọ́? Ó ti ń pe ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí kò tíì ní eyín. Ó ti fi yangàn ní yunifásítì. Ó ti fi sunkún lẹ́bàá ibojì bàbá rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tó bi ìyá rẹ̀ léèrè, ìyá rẹ̀ náà kò sì sọ. Bóyá òun náà kò mọ̀. Bóyá ẹni tó fún ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Nínú ọkọ̀, Sharon tún ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni Ìbíkúnlé wí.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Gbémi."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ó sún mọ́ ọn létí, ó sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bó ṣe gbà á. Nígbà tó dé fẹ̀ǹdẹ̀rẹ̀, kò fò ó.